Ọyẹ́ Ń Bọ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Tún Ilé Ṣe

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, eruku oríṣi méjì ló máa ń pàdé nínú ilé wa ní Akobo, nílùú Ìbàdàn. Èkíní pupa. Òun ni ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń tú sókè lójú ọ̀nà àdúgbò tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí. Ó wúwo díẹ̀, nítorí náà ojú fèrèsé àti ẹnu ilẹ̀kùn ló sábà máa ń bà sí. Èkejì funfun, ó kúnná, ibi tó sì ti wá jìnnà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń gbé e kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti kòtò Bodélé wá ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, níbi tí omi adágún ńlá kan wà láyé ọjọ́un kó tó gbẹ. Eruku yìí fúyẹ́ débi pé ó ń wọnú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì pa. Ẹ nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ọmọdé á ti fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ní àkókò kan náà, ní ìlú òyìnbó, ewé igi ń pọ́n, ó ń wọ́ sílẹ̀, òtútù ń bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kọkànlá ni wọ́n ń gbé elégédé sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń so ewé pupa àti ewé aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń tan àbẹ́là, tí wọ́n sì ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí àga. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham àti Houston náà ń ṣe é, fóònù sì ń gbé àwòrán rẹ̀ wá bá wa nílé. Bó ṣe di pé ewé oníke aláwọ̀ pupa ń wọ pálọ̀ ẹlòmíràn níbí nìyẹn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ewé oníke. Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn: ojú ọjọ́ ń tètè ṣú, otútù ń mú, wọ́n fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti ooru nínú ilé. Tiwa yàtọ̀. Ìdájí Ìbàdàn lè lọ sí ìwọ̀n 20 tàbí kó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ nínú ọyẹ́, kó sì ju 30 lọ nígbà tó bá di ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà. Ètè ń bó, igi ń sán, ilẹ̀kùn tó há nígbà òjò ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ilé tó tura lásìkò yìí ni ilé tó móoru ní ìdájí, tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí eruku kò sì ríbi sá pamọ́ sí. Nítorí náà, ọ̀ṣọ́ tí kò bá ṣeé gbọ̀n, tí kò ṣeé fọ̀, tí kò sì ṣeé nù, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jà.

Ẹni tó bá sì ń wá ewé pupa lójú méjèèjì, kó yọjú sábẹ́ igi fúrúùtù, èyí tó máa ń wà nínú ọgbà ilé ìwé àti iwájú ilé àtijọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ewé rẹ̀ ń pọ́n, tó ń di pupa àti aláwọ̀ ọsàn, tó sì ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣa èyí tí kòkòrò kò tíì jẹ, ẹ nù ún, ẹ há a sáàárín ìwé ńlá fún ọ̀sẹ̀ kan kó lè gbẹ ní pẹlẹbẹ. Ẹ tò ó sínú férémù onígíláàsì tàbí sínú àwo pẹrẹsẹ lórí tábìlì. Bí eruku bá bò ó, ẹ dà á nù, ẹ ṣa òmíràn.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà la ó sì kọ́kọ́ wò ká tó náwó sí ọ̀ṣọ́. Ilé àtijọ́ nínú agbo ilé, láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré; kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Lẹ́yìn náà ni èrò mìíràn wọ ìlú. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíya àwòrán ilé rẹ̀ fún, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lu ògiri ní ihò lọ́nà ẹ̀yẹ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé kó sì máa fẹ́ jáde, wọ́n sì tẹ ìwé jáde ní 1956 lórí bí a ṣe ń kọ́lé síbi tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí. Ọgbọ́n gidi ni fún oṣù kẹta. Nínú oṣù kejìlá, ihò tó ń gba atẹ́gùn wọlé náà ló ń gba eruku wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ ilé Bódìjà ṣì ń lò: bí ẹ ti wù kí ẹ tì í tó, àlàfo ṣì wà láàárín gíláàsì kan sí èkejì.

Ní Akobo, ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù, fèrèsé tí a ń fà sọ́tùn-ún sósì, àjà POP, táìlì láti pálọ̀ dé ilé ìdáná. Àlàfo ojú fèrèsé wọn dín kù, àmọ́ táìlì ni wàhálà ibẹ̀. Ẹni tó bá jí ní aago márùn-ún ìdájí nínú oṣù kìíní, tó fẹsẹ̀ lásán tẹ táìlì, á mọ ohun tí mò ń wí.

Nípa ìtọ́jú, òkè ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbálẹ̀ tán kó tó nu fáànù ti fi agbára ṣòfò. Igun àjà ni ká kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà fáànù. Nítorí otútù, a kì í fi bẹ́ẹ̀ tan fáànù láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, eruku á sì máa tẹ́ lórí apá rẹ̀ títí á fi nípọn. Lọ́jọ́ tí ooru bá kọ́kọ́ mú padà, tí ẹnìkan sì sáré tàn án, orí àwo ìrẹsì ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Ẹ pa iná rẹ̀ lára ògiri, ẹ gun àga tó dúró dáadáa. Ẹ mú àpò ìrọ̀rí àtijọ́ kan, ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀, ẹ fi bọ apá fáànù títí dé ìdí. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀, kí ẹ rọra fà á padà sọ́dọ̀ ara yín. Inú àpò yẹn ni eruku máa dúró sí. Kò ní bọ́ sórí àga, kò ní bọ́ sínú ojú yín. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù níta, kí ẹ bọ́ sí apá tó kàn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì dára ju gbogbo ohun tí wọ́n ń tà nínú agolo lọ.

Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ló tẹ̀lé e. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ níta, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà. Ojú irin tí fèrèsé ń rìn lé lórí máa ń kún fún erùpẹ̀ àti òkú kòkòrò. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ló ń wọ ibẹ̀. Fún ilẹ̀ àti orí tábìlì, aṣọ tó lómi díẹ̀ ni ẹ lò. Ńṣe ni ọwọ̀ ń gbé eruku ọyẹ́ dìde, tí yóò fò yíká yàrá, tí yóò sì bà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé ọwọ̀ sílẹ̀. Fífi aṣọ tútù nu ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ sàn ju gbígbálẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ Sátidé lọ. Fún ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àbájáde, ẹ ká aṣọ àtijọ́ rọ́gọ́dọ́ sínú àpò gígùn tí ẹ fi ìrépé àǹkárá rán, kó gùn tó fífẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ dí àlàfo náà lálẹ́. Àǹkárá tó bá rẹwà ni kí ẹ lò, torí ojú àlejò ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí táìlì tó tutù. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ sí rọ́ọ̀gì onírun tó nípọn. Ní tèmi, àsìkò ọyẹ́ gan-an ló yẹ ká ká irú rọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ kúrò nílẹ̀, pàápàá níbi tí ọmọdé tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà. Eruku tó bá wọ ìdí irun rọ́ọ̀gì kì í jáde tán, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sì tẹ̀ ẹ́ ń tú u sókè ni. Ẹní ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn obìnrin Ògòtún-Èkìtì lókìkí nídìí ẹní híhun. Wọ́n ń fi àwọ̀ pupa, dúdú àti àwọ̀ koríko fúnra rẹ̀ ṣe bátànì sí i lára. Ẹ tẹ́ ọ̀kan síwájú àga ìrọ̀gbọ̀kú, ẹ tẹ́ èkejì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ó ń dí òtútù táìlì, ẹ lè gbé e jáde fi ọwọ́ kan gbọ̀n, ẹ sì lè fi aṣọ tútù nù ún. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè mú kó gbẹ jù kó sì máa sán, nítorí náà ẹ máa fi aṣọ tó lómi díẹ̀ nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji. Kíká ni kí ẹ ká a bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣẹ́ ẹ po.

Kọ́tìnì. Méjì ló yẹ kó wà lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé lọ́sàn-án, àti èyí tó nípọn tí ẹ ó fà pa pọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ni eruku máa ń há sí lára, òun ni ẹ ó máa fọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ aṣọ tó ń tètè gbẹ. Fífẹ̀ aṣọ yẹ kó tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ fèrèsé, kó lè ní ìgbì. Fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ń gba aṣọ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Àwọn tó ń ra ìwọ̀n fèrèsé gẹ́lẹ́ ni kọ́tìnì wọn máa ń dà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ọjà Alẹ́sinlóyé àti Gbági Tuntun, èyí tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ìgè pè, ni ẹ ti lè rí aṣọ rà ní ọ̀pá. Àwọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ wò: àwọ̀ obì, àwọ̀ ìyeyè tó ṣú díẹ̀, àwọ̀ amọ̀. Eruku kì í tètè hàn lára wọn bíi ti funfun tàbí dúdú, wọ́n sì ń mú kí yàrá dà bí ẹni pé ó móoru.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló dùn mọ́ mi jù, torí ibẹ̀ ni àpótí aṣọ wa ti ní ohun tí òyìnbó ń lọ rà. Àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn lásìkò ewé wíwọ́, búráùn, pupa tó jinlẹ̀, àwọ̀ dúdú tó wọnú búlúù, òun gan-an ni aṣọ òkè mẹ́ta tí àwọn baba wa kà sí olórí aṣọ. Sányán ni èyí tí òwú rẹ̀ ń ti ara kòkòrò igbó wá, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Àlàárì ni pupa. Ẹtù ni èyí tí wọ́n rẹ sínú aró títí ó fi ṣú. Ìṣẹ́yìn lókìkí nídìí híhun rẹ̀, ọjà Ọjẹ́ nílùú Ìbàdàn sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń rà á. Pẹlẹbẹ tóóró ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, ìdí sì nìyí tí ìrépé rẹ̀ fi wúlò tó bẹ́ẹ̀. Pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n rán pọ̀ lè tó ojú àpò ìrọ̀rí kan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Ẹ má gé ẹtù ìyá àgbà. Aṣọ tí wọ́n fi sin òkú, tí wọ́n fi gbé ìyàwó, tí wọ́n sì ṣì lè fi ṣe irú rẹ̀ lọ́la, ipò rẹ̀ kọjá ìrọ̀rí. Kíká ni kí ẹ ká a sí mẹ́rin, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn àga fún oṣù mẹ́ta ọyẹ́ yìí, kí ẹ dá a padà sínú àpótí lẹ́yìn náà. Aṣọ òkè nípọn, ó sì ń móoru tí ẹnìkan bá fà á bora níwájú tẹlifíṣọ̀n. Gèlè àti fìlà ayẹyẹ tó ti ṣẹ́ jọ láti ọdún mẹ́wàá ni kí ẹ gbé lọ bá aránṣọ kó fi rán àpò ìrọ̀rí. Gbogbo ilé ní Ìbàdàn ló ní i. Ẹbí ìyàwó yan ti wọn, ẹbí ọkọ yan ti wọn, a rà á, a wé e lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Kí aránṣọ fi aṣọ rírọ̀ ṣe ojú kejì rẹ̀, torí òwú onífádákà ara rẹ̀ máa ń họ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó sì fi síìpù sí i lẹ́yìn kó lè ṣeé bọ́ fọ̀.

Àdìrẹ náà wà. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó jẹ́ ti Ìbàdàn gan-an, ẹ béèrè bátànì Ìbàdàndùn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n yà sí i, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó kan sí èkejì. 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni: ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ funfun, ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní mu. Ó dára lórí ibùsùn, ó sì dára bí ẹ bá nà án mọ́ igi férémù tí ẹ fi kọ́ ògiri. Aró gidi máa ń ṣí fún àkókò díẹ̀, nítorí náà ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú omi tútù títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ má sì sá a síwájú oòrùn ọ̀sán. Oòrùn ọyẹ́ lè dà bí ẹni pé kò lágbára lẹ́yìn kùrukùru, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọ̀ aṣọ bó ti yẹ.

Nípa ògiri, mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ayálégbé ni onílé ń gbà fún láti kùn ún. Ẹni tó bá láṣẹ, kó kun ògiri kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́yìn àga, ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Ẹni tó bá ṣiyèméjì pé àwọ̀ ilẹ̀ lè buyì, kó lọ wo ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Sámọ̀ńdà, iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Demas Nwoko. Ilẹ̀ ibi tó bá ti ń kọ́lé ló máa ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ní 2023, ìpàtẹ àwọn ayàwòrán-ilé ní Venice fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò láṣẹ láti kùn, igbá fínfín Ọ̀yọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún tí ẹ fi kọ́ ògiri ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi èyí tó tóbi sí àárín, kí ẹ má tò wọ́n lọ́gbọọgba bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ojú ọnà igbá jìn, eruku ń wọ ibẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré tó gbẹ ló ń yọ ọ́.

Iná ló ń pa ọ̀pọ̀ pálọ̀ lára ní Akobo. Gílóòbù funfun kan láàárín àjà, tó tàn yòò bí ti ilé ìwòsàn, kò sí ìrọ̀rí tó lè mú irú yàrá bẹ́ẹ̀ tura. Ẹ wo ara páálí gílóòbù kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ 6500K síbẹ̀, funfun ni. 2700K tàbí 3000K ni aláwọ̀ ìyeyè tó jọ ti àtùpà. Owó wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí funfun wà ní ilé ìdáná àti níbi tí ọmọ ti ń kàwé, kí ẹ fi aláwọ̀ ìyeyè sí pálọ̀ àti yàrá. Iná kékeré méjì ní igun méjì dára ju ńlá kan lókè lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ èyí tó ń fi bátìrì tàbí sólà ṣiṣẹ́, torí a mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe wá. Àtùpà onígíláàsì àtijọ́ tó wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn stóò, ẹ nù ún, kí ẹ fi okùn iná Kérésìmesì oníbátìrì sínú rẹ̀ dípò epo.

Ìdí tí mo fi sọ pé dípò epo rèé: gbogbo nǹkan ló gbẹ lásìkò yìí. Kọ́tìnì gbẹ, ẹní gbẹ, koríko ẹ̀yìn ògiri gbẹ. Lọ́dọọdún ni àwọn panápaná ń kìlọ̀ nínú ọyẹ́, ọdọọdún ni ilé ń jó. Bí àbẹ́là bá máa tàn rárá, àwo amọ̀ tó ní iyanrìn nínú ni kó dúró sí, ní ìwọ̀n apá méjì sí aṣọ èyíkéyìí, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi pa á. Àwọn kan máa ń gbé ìkòkò eedú tó ń jó wọ yàrá sùn nítorí otútù. Èyí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ ní ilé kankan. Èéfín eedú ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kejì ni kí wọ́n wá.

Ó wá ku ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ẹ gbé àmù kan wọlé. Àmù amọ̀ kò dí omi pátápátá. Omi ń rọra yọ sí ara rẹ̀ lóde, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á sì gbé e lọ. Bí ó ṣe ń gbé e lọ ni omi inú ń tutù, tí afẹ́fẹ́ yàrá náà ń ní ọ̀rinrin díẹ̀. Ohun tí àwọn kan ń ra ẹ̀rọ fún ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe pẹ̀lú ìkòkò. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ìlọrin, pàápàá àwọn ti Dada ní Òkèlélé, ṣì ń mọ ọ́n títí di òní. Orí òrùka aṣọ tàbí iyanrìn inú àwo pẹrẹsẹ ni kó dúró sí kó má ba táìlì jẹ́, ní ibi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i lára. Ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta kí ẹ̀fọn má baà sọ ọ́ di ilé.

Ẹ gbé ewéko sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjá ìkookò, ewé gígùn pẹlẹbẹ tó ní ìlà yẹn, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi nínú ìkòkò funfun, ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti wá. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìmu omi. Pérégún náà kò lágídí. Bí ẹ bá ń nu tábìlì, ẹ nu ojú ewé wọn pẹ̀lú, torí ewé tí eruku bò kò rí ìmọ́lẹ̀ gbà dáadáa.

Ní ti òórùn ilé, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ tùràrí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tí èéfín bá ń yọ lẹ́nu, kó se èèpo ọsàn pẹ̀lú ewé tíì nínú ìkòkò kékeré lórí iná díẹ̀, kó ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná sílẹ̀. Àsìkò ọsàn ni àsìkò ọyẹ́, agbálùmọ̀ náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti oṣù kejìlá lọ. Igbá tó kún fún ọsàn àti agbálùmọ̀ lórí tábìlì ló rọ́pò elégédé òyìnbó, ó sì tún dára jù ú nítorí pé gbogbo ilé ló máa bá yín jẹ ẹ́. Ẹ má gbàgbé igbá kékeré kan fún òrí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, kí ẹni tó bá ń jáde lè fi kan ẹsẹ̀ àti ètè. Àga onígi àti àpótí tó ń sán, ẹ fi àkísà tó ní òróró àgbọn díẹ̀ nù wọ́n, kí ẹ tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Bí ẹ bá máa ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, oṣù kẹwàá ni kí ẹ gbé gèlè yẹn àti aṣọ kọ́tìnì lọ sọ́dọ̀ aránṣọ yín. Kó tó di àárín oṣù kọkànlá, aṣọ Kérésìmesì àti aṣọ ẹbí á ti kún ilé iṣẹ́ rẹ̀ dé àjà, ìrọ̀rí tiyín á sì di oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ.